Yàrá Kótópó Gba Ogún Ọmọ Ìyá: Ta Ni Yóò Kan Pẹpẹ?

Àwọn àgbà Yorùbá ní yàrá kótópó gba ogún ọmọ ìyá bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, n kò sì wá síbí láti bá àwọn àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ẹgbẹ́ wa yìí bi ara yín léèrè: nígbà tí ogún ọmọ ìyá bá ti wọ yàrá náà tán, níbo ni wọn yóò gbé ẹrù wọn sí? Níbo ni wọn yóò jókòó sí kàwé? Ọ̀nà wo ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé tọ̀ wọ́n? Ìfẹ́ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í kan ìṣó mọ́ ògiri, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣí fèrèsé. Ọwọ́ ni ó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yàrá kékeré kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láàárín wa. Ẹni tí ó wà ní ilé gbígbé ọgbà yunifásítì mọ bí a ṣe ń pín yàrá kan láàárín àwọn tí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ àti àwọn tí a kò kọ tiwọn. Ẹni tí ó háyà yàrá kan sí ìta ọgbà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó mọ̀ ọ́n. Àwọn olùkọ́ wa náà, tí ìwé ti gba ilé wọn débi pé àga jíjókòó kò sí mọ́, mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Èrò tèmi nìyí: ọwọ́ ara wa lè sọ yàrá kékeré di ibùgbé tí ó tuni lára, bí a bá wo bí àwọn baba wa ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí ọwọ́ ayálégbé kò lè ṣe, èyíinì ni afẹ́fẹ́ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó kọ́lé ni ó yẹ kí á ti béèrè ìwọ̀nyí. Ẹni tí kò bá mọ ààlà yìí yóò máa fi ìṣó wá ohun tí ìṣó kò lè rí, tàbí kí ó máa ráhùn sí onílé lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè fi ọjọ́ Sátidé kan ṣe.

ẸKỌ́ TÍ Ó WÀ LÓRÍ ÒKÈ

Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ènìyàn ló mọ Ìdànrè sí ìlú kòkó àti ìlú olókè. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rántí ni pé ìsàlẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń gbé lónìí, ní Odòde, ní Aládé àti ní Àtòsín, kọ́ ni wọ́n ti ń gbé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Orí òkè gan-an ni ìlú wà tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ní àwọn ọdún 1920, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìlú àtijọ́ náà lónìí yóò gun àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ, yóò sì sinmi lọ́nà kí ó tó dé òkè. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá Ìdànrè, tí a fi amọ̀ mọ, pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ àti òpó gbígbẹ́ rẹ̀. Yóò rí ilé-ẹjọ́ àtijọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 2007 ni wọ́n kọ orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO fi ṣe ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Òkúta ńláńlá ni ó yí ìlú náà ká. Òun ni odi rẹ̀, òun náà sì ni ààlà rẹ̀. Ọ̀tá kò lè tètè gùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú kò lè fẹ̀ jù bí òkúta bá ti gbà á láyè lọ. Kò sí ẹni tí yóò fi ọkọ́ tú òkúta láti fi kún yàrá rẹ̀. Bí ayé bá ti há mọ́ ènìyàn báyìí, ọgbọ́n ni yóò fi kún un.

Irú ọgbọ́n wo? Ọgbọ́n ilé Yorùbá àtijọ́ ni, ibikíbi tí ó wù kí ó wà. Ẹ jẹ́ kí á rántí bí a ṣe kọ́ agbo ilé. Yàrá kékeré ni, òmíràn nínú wọn kò sì tóbi tó yàrá akẹ́kọ̀ọ́ òde òní. Kò sí ju ẹnu ọ̀nà kan lọ, fèrèsé kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń jókòó sínú yàrá lọ́sàn-án? Yàrá wà fún oorun, fún ẹrù àti fún àṣírí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, níbẹ̀ ni a ti ń ta ayò, tí obìnrin ń ti ń hun aṣọ, tí àwọn ọmọ sì ń ti ń gbọ́ àlọ́. Àgbàlá ni a ti ń dáná, tí a ti ń sá nǹkan, tí òjò ti ń rọ̀ sínú ìkòkò. Nítorí náà, yàrá kéré, ṣùgbọ́n ilé kò kéré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yìí mú, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Nígbà tí páànù dé, tí owó kòkó sì wọlé, tí àwọn ènìyàn rí irú ilé tí àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil bọ̀ kọ́ sí Èkó, ìlànà ilé yí padà. A fi ọ̀nà tóóró kan sí àárín, a to yàrá sí ọ̀tún, a to yàrá sí òsì. Ilé náà lẹ́wà, ó sì fi ọlá hàn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ ṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, ó ní ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé di ọjà, tí a ń kọ́ ọ láti fi háyà, ojú onílé bọ́ sára ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Èyí náà lè di yàrá kan." Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Èyí náà lè di yàrá méjì." Bí a ṣe bí ilé tí àwọn ènìyàn ń pè ní kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ nìyẹn. Wọ́n mú yàrá kékeré ti àwọn baba wa, wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá sílẹ̀. Nísinsìnyí yàrá kan náà ni iyàrá oorun, òun ni pálọ̀, òun ni ilé ìkàwé, òun ni ibi ìkẹ́rù, nígbà mìíràn òun náà ni ilé ìdáná. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ó há.

OHUN TÍ ỌWỌ́ LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí á mú yàrá kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 12 ní gígùn. Bí a bá fi ìkínní lu ìkejì, 120 ni ilẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4 yóò gba 24 nínú rẹ̀, èyíinì ni ìdá kan nínú márùn-ún, kí á tó gbé àga kan ṣoṣo wọlé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan ni a ń kà yìí. Ògiri mẹ́rin ń bẹ níbẹ̀ tí kò ṣe iṣẹ́ kankan ju pé kí a fi kàlẹ́ńdà kọ́ ọ lọ. Òkè yàrá ń bẹ níbẹ̀, aláǹgbá nìkan ni ó ń gbé e. Àwọn baba wa kò fi ògiri àti òkè ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Ìkínní ni àjà. Ní ilé àtijọ́, wọn a fi igi àti ọparun tẹ́ òkè yàrá, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Iṣẹ́ méjì ni àjà yìí ń ṣe. Àgbàdo àti ẹrù ń bẹ lókè rẹ̀. Bí iná bá sì ran ewé tàbí koríko òrùlé, amọ̀ kì í jẹ́ kí iná tètè já lé àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Àwa náà lè ní àjà. Bí yàrá bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9, tí ilẹ̀kùn sì ga ní 7, ẹsẹ̀ bàtà méjì ń ṣòfò lókè ilẹ̀kùn. Ẹ ri òpó igi mẹ́rin sí igun méjèèjì, ẹ fi méjì kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí ó má baà tẹ̀ láàárín, ẹ fi igi dá a lábùú, ẹ tẹ́ pákó lé e. Bí ó bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tí ó sì lọ láti ògiri dé ògiri, àpótí aṣọ, àpò ìrìn-àjò àti ìwé ọdún tí ó kọjá yóò kúrò nílẹ̀. Ohun tí ó fúyẹ́ ni a ń gbé síbẹ̀ o. Kì í ṣe ọlọ, kì í ṣe àpò ẹ̀wà. Ẹ má sì ṣe so ó mọ́ sílìn. Sílìn ilé àtijọ́ mìíràn jẹ́ asbestos, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí a bá gbẹ́ ẹ tàbí tí a rẹ́ ẹ. Kí òpó dúró lórí ilẹ̀, kí ó má fi ohunkóhun kọ́ òkè.

Ìkejì ni pẹpẹ. Ẹni tí ó bá dé ilé amọ̀ rí yóò mọ̀ pé amọ̀ kan náà tí wọ́n fi mọ ògiri ni wọ́n fi mọ pẹpẹ mọ́ ọn: pẹpẹ ìjókòó, pẹpẹ ìkòkò, ihò kékeré nínú ògiri fún fìtílà. Ilé àti ohun èlò ilé kò yàtọ̀ sí ara wọn. Lónìí pákó ni a ó fi ṣe tiwa. Pákó tí a ń tà ní ọjà pákó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, ínǹṣì 12 ní ìbú. Ẹ kò rí i pé pákó kan ṣoṣo kárí ògiri gígùn yàrá wa yìí láì gé e? Bí a bá gbé e sókè orí, a ti ní àyè ẹsẹ̀ bàtà 12 tí kò gba ilẹ̀ kankan. Kí irin ìgbọ́nwọ́ tí yóò gbé e jẹ́ márùn-ún, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí ìwé wúwo ju bí ojú ṣe rò lọ. Bí onílé kò bá fẹ́ kí a dá ògiri òun lu, ẹ ṣe pẹpẹ tí ó ní ẹsẹ̀. Ẹ to ìwé tí ó wúwo sí ìsàlẹ̀, kí ó má baà dojú dé.

Ọ̀rọ̀ igi náà ṣe pàtàkì, pàápàá ní agbègbè igbó bí Ìdànrè. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti rẹ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni. Ìrókò le, ikán kì í sáré sí i, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Afárá wà láàárín. Ẹni tí ó bá ra arère nítorí owó kò jẹ̀bi, kí ó ṣá fi oògùn ikán kùn ún níta, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ó tó gbé e wọlé, kí ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri kí ojú lè máa tó ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìkẹta ni ọgbọ́n ẹní. Nínú gbogbo ohun tí àwọn baba wa ṣe sí yàrá kékeré, èyí ni mo gbà pé ó ga jù. Lálẹ́ a tẹ́ ẹní, yàrá di ibi oorun. Láàárọ̀ a ká ẹní, a fi gbé ara ògiri, yàrá di ibi ìjókòó. Àgbẹ̀ kòkó ní abà rẹ̀ mọ èyí dáadáa, nítorí ẹní kan náà ni ó ń sá kòkó sí nígbà tí òòrùn bá yọ, tí ó sì ń ká nígbà tí òjò bá ṣú. Kì í ṣe àwa nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Jàpáànù ń ká ibùsùn wọn tí wọ́n ń pè ní futon láàárọ̀, wọ́n a sì tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkùnrin kan ní San Francisco, William Lawrence Murphy, ṣe bẹ́ẹ̀dì tí ń dìde wọ inú ògiri, ó sì di olówó nídìí rẹ̀. Ohun tí àgbẹ̀ wa ń fi ẹní ṣe láìgba ìwé ẹ̀rí kankan ni òun náà ń fi irin àti sipíríǹgì ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè padà sórí ẹní mọ́, kí ó gba ọgbọ́n rẹ̀ dípò. Kí ohun tí a kò lò nísinsìnyí kúrò lọ́nà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè dé ínǹṣì 18, abẹ́ rẹ̀ yóò di àká. Àpótí tí a kan táyà kékeré mọ́ ìdí rẹ̀ ni a ó máa fà jáde, tí a ó máa tì wọlé. Ẹ fi ìdè méjì so pákó kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta mọ́ ara ògiri tàbí mọ́ ara pẹpẹ yín, kí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gbé e níwájú. Ó di tábìlì ìkàwé nígbà tí a bá gbé e sókè, ó di ògiri nígbà tí a bá sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ so okùn wáyà láti ògiri dé ògiri, kí ẹ fi aṣọ ìkélé kọ́ ọ. Yàrá kan á di méjì nígbà tí àlejò bá dé, á sì padà di ọ̀kan nígbà tí ó bá lọ.

Irinṣẹ́ tí ó yẹ kò ju òòlù, ayùn, téèpù ìwọ̀n, ẹ̀rọ ìdálu àti ìṣó lọ. Yàrá mẹ́wàá lè dá owó rà á, kí wọ́n sì jọ máa lò ó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò, kí ó lọ jókòó ti káfíńtà ìtòsí fún ọjọ́ méjì, kí ó sì bá a di pákó mú. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa kì í fi iṣẹ́ pamọ́ fún ẹni tí ó bá fi ìrẹ̀lẹ̀ wá.

OHUN TÍ ỌWỌ́ KÒ LÈ ṢE

Ibí ni mo ti fẹ́ kí á fara balẹ̀, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti mọ pẹpẹ kàn tán, ìdánwò ńlá kan ń bẹ: fèrèsé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí i, tí wọ́n ń fi páálí dí ihò òkè ilẹ̀kùn nítorí ẹ̀fọn, tí wọ́n sì ń fi àpótí dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kún àyè ẹrù, wọ́n ti mú afẹ́fẹ́ gbogbo ilé kúrò. Ikọ́ ife a máa tàn kálẹ̀ níbi tí ènìyàn púpọ̀ bá há sí tí afẹ́fẹ́ kò sì rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn yírùnyírùn. Àwọn tí ó ń fi éédú dáná nínú yàrá, tàbí tí ó ń tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀nà àárín ilé, ń pe ohun tí ojú kò rí wọlé. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn lójú oorun. Ìgbà mélòó ni a ti gbọ́ pé odindi ìdílé sùn, tí wọn kò jí? Kò sí pẹpẹ tí ó tó ẹ̀mí ènìyàn kan.

Nítorí náà, òfin mẹ́ta ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá ń tún yàrá ṣe fi sórí. A kì í dí fèrèsé. Nẹ́ẹ̀tì ni a fi ń dá ẹ̀fọn dúró, kì í ṣe páálí. A kì í dí ọ̀nà ilẹ̀kùn; kí ẹni tí ó bá jí lójijì lóru lè jáde láìkọsẹ̀. A kì í fi ojú iná kan ṣoṣo gbé gbogbo ẹ̀rọ inú yàrá. Wáyà tí a fi kún wáyà ni iná fi ń bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá ti pa òfin wọ̀nyí mọ́ tí yàrá sì ṣì há, tí fèrèsé kan ṣoṣo rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì, ó ti kọjá agbára òòlù. Ẹni tí ó kọ́lé ni kí ó dáhùn. Èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ń sọ pé kí tálákà kàn lo ọgbọ́n, kí ó má sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ọgbọ́n kì í ṣe àwáwí fún ìwọra. Yàrá tí ó kéré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ onílé. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò, kò sì fi fèrèsé kejì sílẹ̀. Ìjọba náà lè ṣe é bí ó bá fẹ́. Ní Èkó, láàárín 1979 sí 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé olówó pọ́ọ́kú. Ilé náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú wọn títí di òní. Ilé kékeré tí ó pé sàn ju ilé ńlá tí a gé sí wẹ́wẹ́ lọ.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ KÒ GBÀ PẸ̀LÚ MI

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wá nídìí ayùn?" Èmi náà yóò bi wọ́n: kí ni ìwé kíkà wa wúlò fún bí a kò bá lè wọn ògiri kí á tó ra pákó? A ń gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò, a ń san owó fún ẹlòmíràn kí ó tó kan ìṣó kan fún wa. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe; àwọn tí ó pa òwe náà kò yọ ọ̀mọ̀wé sílẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Ilé onílé ni, èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀." Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí pẹpẹ àti àjà dúró lórí ẹsẹ̀ tiwọn. Ohun tí a bá fi ìdè àti ìṣó kàn, a ó tú u bí a bá ń kó lọ. Ẹni tí ó bá fi owó kan náà ra àga olówó ńlá kò ní ohun tí ó fi ju èyí lọ, bí kò ṣe pé àga rẹ̀ kò ní wọ yàrá kejì.

Ọ̀rọ̀ kan sì tún wà fún ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀ka Èdè Yorùbá. Àjà, pẹpẹ, ìyẹ̀wù, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àkòdì, àgbàlá, gbàgede, ẹ̀yìnkùlé: ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a bí sí yàrá kan léèrè ìtumọ̀ wọn. Mélòó ni yóò mọ̀? Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ inú ewì nìkan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ọgbọ́n tí ẹnì kan dá nítorí pé ayé há mọ́ ọn. Bí ọ̀rọ̀ bá kú, ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ bá a lọ ni. Àwọn àgbà ṣì wà ní Odòde àti Aládé tí wọ́n gbọ́ láti ẹnu òbí wọn bí a ṣe kọ́lé lórí òkè àti orúkọ tí ara Ìdànrè ń pe apá ilé kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ka èdè tiwọn. Wọn kò ní wà títí láé.

Nítorí náà, àbá méjì ni mo mú wá fún ẹgbẹ́ wa. Àkọ́kọ́, kí a ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ wa, kí ó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí á pe káfíńtà kan, kí á sì bá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mẹ́wàá kan pẹpẹ. Ijó kò ní tán nítorí ìyẹn. Èkejì, kí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ wa tí ń bọ̀ jẹ́ sí Òkè Ìdànrè, kì í ṣe láti ya àwòrán lórí òkúta nìkan, bí kò ṣe láti wọn yàrá, láti kọ orúkọ apá ilé sílẹ̀, kí á sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tí wọ́n mọ̀.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ìbáà jẹ́ oko kòkó, ìbáà jẹ́ oko ìwé. Ẹni tí ilé kò bá tù lára, ọ̀nà oko náà kì í gùn fún un. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú yàrá kótópó lónìí, ẹ máa fẹ́ràn ara yín gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan dìde kí ó di òòlù mú, kí ẹnì kejì sì lọ ṣí fèrèsé.